Ìyá Ìjọ Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Nílé tiwa, èèyàn lè fọ́ àwo, ó lè fìdí rẹmi nílé ẹ̀kọ́, ó tiẹ̀ lè jókòó sórí fìlà àlejò. Ìyá Àgbà á bá a wí, á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, á sì gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ gbà ni kí èèyàn di ìjà sínú kó tún gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni tó jáde nílé, gbogbo wa máa ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti Bíbélì lọ́wọ́. Ìyá Àgbà á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì, á sì bèèrè pé, "Ta ló ń bínú sí ta?"

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáhùn pé "kò sí nǹkan." Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, "kò sí nǹkan" ni Ìyá Àgbà kórìíra jù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: á sọ ohun tó ṣe, á sì bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á wá dá a lóhùn sókè, kí gbogbo ilé gbọ́. Bí èyí ò bá tíì parí, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Nígbà tí ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣì kéré, wọ́n jà lọ́jọ́ kan nítorí pólíìṣì bàtà, àwọn méjèèjì sì yarí pé àwọn ò jẹ̀bi. Ìgbà tí wọ́n fi máa parí ẹ̀, orin ìkẹyìn ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíì á ní kí àwọn kúkú jókòó sílé. Ìyá Àgbà kó ìdílé rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n gba àárín ìjọ kọjá, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ṣe àmín sí àdúrà ìkẹyìn, wọ́n sì padà sílé. Láti ìgbà náà, bí agogo kejì bá lù tí àga wa ṣì ṣófo, àwọn tó ń fi èèyàn jókòó á máa sọ fún ara wọn pé, "Ilé alágbàfọ̀ ti ń jà."

Àwọn kan rò pé ìwàásù ló ti rí òfin náà. Kì í ṣe ìwàásù. Nígbà tó wà lọ́mọge, tó ń kọ́ṣẹ́ alágbàfọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó bí i, ó jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ìyá rẹ̀ sì fi ẹnu bó o lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó fi ìbínú wọṣọ, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò kí ìyá rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé, àrùn ti dá ìyá náà wólẹ̀, ohùn ti lọ. Ìyá náà wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò ó, kò lè sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì lè sọ pé òun ò tíì dárí jì í. Ó kú bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn yìí fún èèyàn, ṣùgbọ́n òun ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi.

Ìyá rẹ̀ ò tíì kọ́ ọ níṣẹ́ tán, nítorí náà aṣọ tó ń jóná ló kọ́ ọ ní ìyókù. Ó kọ́ pé bí èèyàn bá ti àárín lọ kọ́là, kọ́là á ká, àmọ́ bó bá ti etí méjèèjì lọ ọ́ bọ̀ sáàárín, á dúró ṣánṣán. Ó kọ́ láti máa fi ìka wọ́n omi sí aṣọ, kó ká a jọ, kó fi í sílẹ̀ títí omi náà á fi dé ibi gbogbo, kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Kò fi ọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù rí láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e sún mọ́. Èmi náà dán an wò lẹ́ẹ̀kan, àpá rẹ̀ ṣì wà lójú mi.

Nídìí áyọ́ọ̀nù náà ló ti ń gbàdúrà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá wà lórí tábìlì ló ń gbàdúrà fún: bó ṣe ń lọ ọ́ ló ń dárúkọ ẹni náà fún Ọlọ́run, tó ń bi Ọlọ́run léèrè nípa ìwòsàn rẹ̀, nípa ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ségesège. Kì í lo àkókò kan náà fún gbogbo èèyàn. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tó máa ń lu ìyàwó rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yẹn máa ń pẹ́ lórí tábìlì ju tẹnikẹ́ni lọ. Aṣọ pẹpẹ àti aṣọ akọrin, ọ̀fẹ́ ló ń fọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè jókòó síwájú Ọlọ́run kí òun máa wo ọrùn akọrin tó rọ bí ewé tí oòrùn pa. Nígbà tó ṣe, ìjọ fi í ṣe Ìyá Ìjọ, wọ́n fún un ní ìjókòó iwájú, nítòsí pẹpẹ, kò sì sí Ọjọ́ Ìsinmi tí ìjókòó yẹn ṣófo, àfi bí ilé wa bá ń jà.

Ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè, kí wọ́n lè tètè lọ. Àìsàn pa á nígbà tí àkọ́bí wọn ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù yẹn ló sì tọ́ wọn. Àwọn méjì ti lọ ń gbé lọ́nà jíjìn, wọn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó kù ni ìyá mi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí náà, tí gbogbo ayé ń pè ní Bíríkìlà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bíríkìlà dá ṣe nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán ni yàrá kan tó kọ́ sẹ́yìn ilé fún ìyá rẹ̀. Ó fi fèrèsé méjì tó kọjú síra sí i, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣe tábìlì gígùn, ó sì fa irin ìfaṣọkọ́ láti ìgun kan dé ìkejì. Ìyá Àgbà wọ ibẹ̀, ó yí po, ó ní, "Ó dáa." Fún ẹni tó mọ Ìyá Àgbà, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà láàyè, etí rẹ̀ ò di, ó sì mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò jẹ̀bi ọ̀rọ̀ àgádágodo. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ó ti wà nínú yàrá náà látàárọ̀, ó ń lọ aṣọ akọrin. Kò jẹun, kò mu omi, ooru sì mú. Bíríkìlà yà kí i bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó bá a nílẹ̀ gbalaja, áyọ́ọ̀nù dojú dé sórí aṣọ akọrin kan, èéfín sì ti gba gbogbo yàrá. Ó gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ooru àti ebi ni, kí wọ́n fún un lómi, kó lọ sinmi. Ó sinmi lóòótọ́. Àmọ́ kó tó dìde lórí ibùsùn, Bíríkìlà ti dá aṣọ gbogbo oníbàárà padà, ó ti kó gbogbo áyọ́ọ̀nù lọ sílé ara rẹ̀, ó sì ti fi àgádágodo ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Èmi ni mo ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà nígbà náà, ojú mi ló ṣe. Ó jáde sẹ́yìn ilé, ó wo àgádágodo náà, ó gbé e lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀.

"Ta ló ti yàrá mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Ẹ ò sọ fún mi. Ilẹ̀ ni mo ti bá yín."

"Mo ní kó o mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Mi ò ní mú un wá, Màmá."

Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn, àwọn méjèèjì sì fa ètè ìsàlẹ̀ wọlé lọ́nà kan náà. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá. Bíríkìlà, ọmọ kíjìpá pọ́ńbélé ni. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ṣe gbé tíì síwájú rẹ̀, Ìyá Àgbà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ojú mi ló ń tì í," ó wí. "Ó ti di ọ̀gá, ó ti ń kó ọmọṣẹ́ rìn. Kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ìyá òun ń fọ aṣọ aláṣọ. Aṣọ aláṣọ yẹn ni mo fi tọ́ ọ dàgbà."

Mo ní mi ò rò pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mo bí i. Mo ní kó kúkú bi í léèrè. Ó ní èèyàn kì í béèrè ohun tó ti mọ̀. Mo gbé ife mi, mo mu tíì. Kò sí bí èèyàn ṣe máa bá Ìyá Àgbà jiyàn tí tíì rẹ̀ ò ní tutù.

Mo lọ bá Bíríkìlà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lórí àkàsọ̀, ó ń to búlọ́ọ̀kù, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Màmá mi," mo wí, "inú ń bí Ìyá Àgbà gan-an."

"Kí wọ́n bínú," ó wí. "Ẹni tó bá wà láàyè ló ń bínú."

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Bíríkìlà àti ìdílé rẹ̀ ò wá bá wa tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa tó wà níbẹ̀ dúró, Ìyá Àgbà sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Ìyá mi wò mí, mo wo bàtà mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn. Ó dúró díẹ̀, ó sì sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

"Ẹ máa wọlé," ó wí fún wa. "Èmi ń jà."

Bẹ́ǹṣì onígi kan wà lábẹ́ fèrèsé níta, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń jókòó sí bí ọmọ wọn bá ń sunkún. Ibẹ̀ ló lọ jókòó, tòun ti ẹ̀wù rẹ̀ tó le bí páálí, ó ṣí Bíbélì rẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí Bíríkìlà lọ́nà géètì. Ó wọ kóòtù, ó ti ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sórí ògiri kúkúrú tó yí ọgbà ká, ó ń ṣí Bíbélì tirẹ̀. Mo lọ bá a, mo bi í pé ṣé kò ní wọlé ni.

"Mo ń jà," ó wí.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ṣe mímọ́ ju àwọn ẹlòmíì lọ. Òfin ilé ti wọ̀ wọ́n lára ni. Àwọn ìdílé míì tó ń jà á jókòó sórí àga kan náà, wọ́n á máa fojú burúkú wo ara wọn, wọ́n á sì jọ gba ìdàpọ̀. Àwọn tiwa ò mọ̀ ọ́n ṣe. Báyìí la ṣe ní èèyàn méjì tó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì ju ilé wọn lọ, tí wọ́n jókòó síta, tí gbogbo ìjọ sì ń gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń gba àárín ajá méjì tó ń wo ara wọn.

Àlùfáà wa nígbà náà kéré lọ́jọ́ orí, inú rẹ̀ sì mọ́. Ó jáde wá bá a lẹ́yìn ìsìn.

"Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọlé. Ọlọ́run ò lé ẹnikẹ́ni."

"Ọlọ́run ò lé mi, Àlùfáà," ó wí. "Èmi ni mo lé ara mi."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un kó lè máa gbọ́ ìwàásù, ohùn rẹ̀ sì wá ń gba ojú fèrèsé náà wọlé. Ìyá Àgbà kì í kánjú kọrin, ó sì ti mọ́ ìjọ lára láti máa tẹ̀ lé e. Ó wá di pé ìjọ á kọ ẹsẹ kan tán, ohùn rẹ̀ á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn láti ìta, ẹni tó ń tẹ dùùrù ò sì mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé mọ́. Lórí ògiri lọ́hùn-ún, Bíríkìlà ń bá a kọ ohùn ìsàlẹ̀. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orin wọn bára mu ju tàwọn akọrin lọ. Àwọn akọrin fúnra wọn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ tiwọn. Wọ́n ti gbé aṣọ wọn fún alágbàfọ̀ kan ní òpópónà, ẹni yẹn sì ń ti àárín lọ kọ́là. Bí wọ́n bá ti ń tò wọlé, Ìyá Àgbà á wo ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì mí kanlẹ̀.

Àlùfáà gbìyànjú láti parí ìjà náà. Ó pè wọ́n jọ sábẹ́ igi nínú ọgbà, nítorí pé kò sí èyí tó gbà láti wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lára àwọn méjèèjì. Ó bi wọ́n pé ta ló ṣẹ̀. Ìyá nawọ́ sí ọmọ, ọmọ nawọ́ sí ìyá. Àlùfáà ronú títí, ó ní ó ti yé òun: kí àwọn méjèèjì jọ sọ pé "má bínú" lẹ́ẹ̀kan náà, tí òun bá ti gbé ọwọ́ sókè.

"Àlùfáà," Ìyá Àgbà wí, "ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe orin tí wọ́n ń jọ kọ."

Ẹ̀rín pa Bíríkìlà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin Bíríkìlà bímọ. Ọmọ náà ni àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà máa pè ní ọmọ-ọmọ-ọmọ. Nínú ìdílé wa, Ìyá Àgbà ló ń gbé ọmọ lọ síbi omi ìrìbọmi. Òun ló gbé àwọn ọmọ tirẹ̀, òun ló gbé gbogbo àwa ọmọ ọmọ. Ìyá ọkọ ọmọbìnrin Bíríkìlà náà sì ti wá láti ọ̀nà jíjìn, èèyàn dáadáa tí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé bí Ìyá Ìjọ ò bá ní wọlé, òun náà lọ́wọ́ tí òun fi lè gbé ọmọ.

Ìyá ọmọ náà gbé e wá sílé wa. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yin lẹ gbé bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ gbé mi. Ta ló máa gbé eléyìí?"

Ìyá Àgbà wo ọmọ náà, ó fi ìka tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kékeré ṣe. "Lọ bi bàbá rẹ," ó wí.

Ó lọ bi bàbá rẹ̀. Bíríkìlà ní, "Lọ bi ìyá mi."

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dúró sójú títì, ó ń sunkún. Inú bí mi débi pé mi ò lè dákẹ́ mọ́. Mo wọlé, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi gbogbo wa léèrè, ta ló ń bi ẹ̀yin?" Ó ní kí n lọ gbé omi kaná.

Mo gbé omi kaná, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Mo mọ ohun tó ń dùn ún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Bí ẹlòmíì bá gbé ọmọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ ìdílé yìí máa dé ibi omi láìsí òun níbẹ̀. Ó ti dàgbà, ó sì lè má rí òmíràn. Kò jẹun tán lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà á, èmi náà sì ń bẹ̀rù fún un.

Ọjọ́ ìrìbọmi pé. Mo bá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bíríkìlà wà lórí ògiri rẹ̀. Ìyá ọmọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ìta, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà níwájú lọ́hùn-ún. Àlùfáà kéde pé a óò kọrin kí a tó ṣe ìrìbọmi, ó mú orin tó gùn jù nínú ìwé, ó ní kí a kọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kánjú. Kò sí ẹni tí ò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n kọ ẹsẹ àkọ́kọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, Ìyá Àgbà ò bá wọn kọ ọ́. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó dìde, ó sì rìn lọ bá ọmọ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, kó má bàa ṣubú. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ gbọ́ pẹ̀lú.

"Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ohun kan," ó wí. "Ṣé ojú mi ló ń tì ọ́?"

Bíríkìlà wò ó. "Ojú yín kẹ̀? Nítorí kí ni?"

"Nítorí iṣẹ́ mi. Nítorí pé o ti di ọ̀gá."

"Màmá." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri. "Gbogbo ibi tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń sọ fún wọn pé ọmọ alágbàfọ̀ ni mí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn."

"Kí ló wá dé tó o fi ti yàrá mọ́ mi?"

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti bọ́ sí ẹsẹ orin míì. Bíríkìlà ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú kóòtù rẹ̀ tí kò ní eruku.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo pè yín, ẹ ò dáhùn," ó wí. "Mo tún pè yín. Mo jókòó sílẹ̀ tì yín nínú èéfín yẹn. Mo rò pé ẹ ti kú, Màmá. Mo ń rò ó pé yàrá tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ fún yín ló pa yín. Títí dòní, bí mo bá rántí ilẹ̀kùn yẹn ní ṣíṣí, àyà mi á já."

Ọkùnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún ń sunkún lẹ́bàá géètì ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì nu ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ ò bi mí."

Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bà á. Ó ti bi gbogbo wa. Ó ti bi ọkọ rẹ̀, ó ti bi àlejò tó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa, ó ti bi ọmọ tí kò tíì mọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni kan ṣoṣo tó yẹ kó bi, kò bi í. Nínú gbogbo ọdún yẹn, èmi ò sì rí i rí kó bẹ ẹnikẹ́ni lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé ó gbéra ga. Kò tiẹ̀ wá sọ́kàn wa pé ẹni tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà lè jẹ̀bi.

"Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́," ó wí, ó sì sọ ọ́ sókè bó ṣe yẹ. "Mo ro ohun tí kò dáa sí ọ, mo sì gbé e káàkiri bí ẹni tó rí i pẹ̀lú ojú. Ó yẹ kí n bi ọ́. Má bínú, ọmọ mi."

"Mi ò bínú mọ́, Màmá." Òun náà sọ ọ́ sókè. "Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ yín bí ẹni pé ọmọdé ni yín."

"O ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ó wí. "Mi ò bínú mọ́. Wàá ṣí i lọ́la?"

"Màá ṣí i. Àmọ́ ẹ máa jẹun kẹ́ ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ ò sì ní dá wà níbẹ̀."

"Ìwọ ni kó o wá jókòó tì mí, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Jẹ́ ká lọ, orin ti fẹ́ẹ̀ tán."

Orin ò tíì tán. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti rí wọn láti ojú fèrèsé, ó sì ti padà sí ẹsẹ tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n wọlé, gbogbo ìjọ yí ọrùn padà, kò sì sí ẹni tó kọrin dáadáa mọ́. Ìyá ọkọ náà dúró ti omi, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Ìyá Àgbà láti òkè délẹ̀.

"Ẹ gbà á, Ìyá," ó wí. "Apá ti ń ro mí tẹ́lẹ̀."

Ìyá Àgbà gba ọmọ náà mọ́ra. Ọmọ náà sanra, ó sì ń ta ẹsẹ̀. Àlùfáà ti gbé ọwọ́ sínú omi, ó ń dúró. Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró. Mo rí i tó tún ọmọ náà gbé, tí ọmọ náà sì tún ń yọ̀ wálẹ̀. Bíríkìlà náà rí i, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń dúró de ohun tó máa sọ.

"Fi ọwọ́ rẹ sábẹ́ tèmi," Ìyá Àgbà wí fún un. "Ó wúwo fún mi."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, nínú gbogbo ẹrù aṣọ tó ti rù, mi ò gbọ́ ọ rí kó ní nǹkan kan wúwo. Bíríkìlà fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ gbé ọmọ náà dé ibi omi.